Ọ̀dà dúdú ni wọ́n kùn bò ó mọ́lẹ̀, àṣé àwòrán àtàtà ló wà lábẹ́ ẹ̀! Bí wọ́n ṣe ń jí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ dìde l'Amẹ́ríkà

Bí èèyàn bá kọ́kọ́ rí àpótí náà, kò ní í bínú tí wọ́n bá sọ pé àwọn fẹ́ fi í dáná. Ó ga tó àgbàlagbà ọkùnrin, ó dúdú kirikiri láti òkè délẹ̀, ìdí ẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, aláǹtakùn sì ti sọ inú ẹ̀ dilé. Ẹni tó fẹ́ tà á gan-an kò retí owó gidi kan lórí ẹ̀. Ohun tó ń wá ò ju ẹni tó máa bá a gbé e kúrò nílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó ń wò kì í pariwo. Yóò sanwó, yóò gbé e délé, yóò tan tọ́ọ̀ṣì, yóò wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, yóò sì fi èékánná ha igun kan nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ti rí i pé àwọ̀ ìyeyè ló ń yọjú lábẹ́ dúdú yẹn, inú ẹ̀ á dùn bíi ti ẹni tí tẹ́tẹ́ jẹ fún.

Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ṣe l'Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ oríṣiríṣi ni wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án. Tó bá di alẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀, kálukú á wọ gáréèjì lọ, á lọ bá òkú ẹ̀rọ tó gbé síbẹ̀. Àwọn mìíràn á wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún oṣù gbọọrọ. Aya á sọ ọ́ tì, àwọn ọmọ á máa fi bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló wá wà lára àpótí pákó lásán tó lè sọ àgbàlagbà di ẹni tó ń fi gbogbo òru ha ọ̀dà?

ÀWÒRÁN LÓ Ń PE ONÍBÀÁRÀ

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn dáadáa, ó di dandan kó mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ẹ̀rọ géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1972, iléeṣẹ́ Atari gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Pong sínú ilé ọtí kan nílùú Sunnyvale, ní California. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Al Alcorn, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tó débẹ̀ tó ṣí i, ó rí i pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Owó ẹyọ táwọn èèyàn jù sínú ẹ̀ ló kún débi pé kò gba nǹkan kan mọ́! Àṣé àjẹyó ló ń dà á láàmú.

Látìgbà náà ni ojú ti là. Lọ́dún 1978, Tomohiro Nishikado tó ń bá iléeṣẹ́ Taito ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Jàpáànù gbé Space Invaders jáde. Nígbà tó di 1980, iléeṣẹ́ Namco gbé Pac-Man dé, iyẹn ẹni róbótó aláwọ̀ ìyeyè tó jẹ́ pé ẹnu ni gbogbo ara ẹ̀, tó ń sá fún iwin nínú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ. Toru Iwatani ló ronú ẹ̀. Iléeṣẹ́ Midway ló ń ṣe ẹ̀rọ méjèèjì fáwọn ará Amẹ́ríkà. Sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n fi ń ta géèmù kan, àwọn ọmọdé sì ń tò sídìí ẹ̀ bíi pé oúnjẹ ni wọ́n ń pín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ohun tó wà lójú tẹlifíṣàn wọn nígbà yẹn kò tó nǹkan. Nínú Space Invaders, àwọn ọ̀tá tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run kò ju àmì kéékèèké bíi akàn lọ. Ara àpótí ni idán wà. Wọ́n ya àwọn abàmì ńláńlá onírun síbẹ̀, irú èyí tí kò jọ ohunkóhun tó wà nínú géèmù náà rárá. Bí ọmọ bá ti rí àwòrán yẹn láti ẹnu ọ̀nà, àyà ẹ̀ á já, owó ẹyọ á sì jáde lápò. Àwòrán ló ń bá ẹ̀rọ parí ìtàn tí ojú tẹlifíṣàn ò lè sọ tán.

Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n sì fi ṣe é. Ayàwòrán á kọ́kọ́ ya iṣẹ́ ẹ̀ sórí pépà. Ní iléeṣẹ́ bíi Midway àti Williams, wọ́n á wá gé ihò àwòrán náà sára nǹkan pẹlẹbẹ, àwọ̀ kan, ihò tiẹ̀. Òṣìṣẹ́ á gbé e lé pákó, á fọ́n ọ̀dà gba ojú ihò yẹn, á yọ ọ́, á dúró kó gbẹ, á tún gbé òmíràn lé e. Nígbà mìíràn ihò kejì á yẹ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Nígbà mìíràn ọ̀dà á fẹ́ kọjá ààlà, etí àwòrán á wá dà bíi kùrukùru. Nítorí náà, bí ẹ bá to Pac-Man mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kì í jọra tán. Bíi ìbejì ni, ìyá wọn nìkan ló mọ èwo ni Táyé.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI KÙN ÚN NÍ DÚDÚ?

Ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹni tó ra ẹ̀rọ géèmù sínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kò rà á fún ẹwà, kó lè jèrè ló ṣe rà á. Bí géèmù bá ti sú àwọn ọmọ, àpótí ọ̀hún di ẹrù. Dípò kó sọ ọ́ nù kó ra tuntun, olówó á ra inú géèmù tuntun nìkan, á tú tàtijọ́ dànù, á ki tuntun bọ inú àpótí kan náà. Àwòrán tó wà lára àpótí kò wá bá géèmù tó wà nínú ẹ̀ mu mọ́. Kí ló kù? Ó di gálọ́ọ̀nù ọ̀dà dúdú kan. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ti di òkùnkùn.

Nígbà tí ọjà géèmù dẹnu kọlẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, àṣà yìí wá gbilẹ̀. Lọ́dún 1985, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù ní Jàpáànù fẹnu kò lórí ìlànà wáyà kan tí wọ́n ń pè ní JAMMA, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ti to wáyà àpótí kan lẹ́ẹ̀kan, yíyọ géèmù kan kó fi òmíràn rọ́pò ò le mọ́. Nígbà tí Street Fighter II dé lọ́dún 1991 táwọn ọ̀dọ́ ń ya lọ bíi omi, àpótí àtijọ́ mélòó ni wọn ò kùn ní dúdú nítorí ẹ̀?

Àwọn ará ilé gan-an mọ irú ìwà yìí. Ta ni kò rántí bọ̀lẹ̀kájà tí wọ́n ya kìnnìún àti ẹyẹ sí lára, tí wọ́n kọ òwe sí níwájú? Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, pẹ́ńtà tuntun á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, á kọ ti ọ̀gá tuntun. Kò sẹ́ni tó sunkún ẹ̀ nígbà yẹn, torí kò sẹ́ni tó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa wá a tì.

Kódà, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gan-an jẹ nínú ẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní nǹkan bíi 1980, ẹ̀ka iléeṣẹ́ Nintendo tó wà l'Amẹ́ríkà pàṣẹ nǹkan bíi 3,000 ẹ̀rọ géèmù kan tó ń jẹ́ Radar Scope láti Jàpáànù. Kí ọkọ̀ ojú omi tó kó o dé, ọjà ti tutù. Nǹkan bíi 1,000 péré ni wọ́n rí tà, nǹkan bíi 2,000 tó kù wá jókòó kalẹ̀ bíi ọkọ ìyàwó tí wọ́n já kulẹ̀. Gbèsè ń rùn. Ni ọ̀gá àgbà bá pe ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan tí kò ì tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, Shigeru Miyamoto, pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tó gbé dé ni Donkey Kong, ìtàn ìnàkí ńlá tó gbé olólùfẹ́ káfíńtà kan sá lọ. Lọ́dún 1981, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú Radar Scope, wọ́n ń ki Donkey Kong bọ̀ ọ́, owó sì wọlé bíi òjò. Káfíńtà inú ẹ̀ ni wọ́n wá sọ ní Mario, orúkọ onílé tó ni ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n háyà nítòsí Seattle, Mario Segale. Orúkọ onílé wá dohun tí gbogbo ayé ń pè!

Títí dòní, bí ẹni tó mọ̀ bá rí Donkey Kong tí àpótí ẹ̀ pupa, tí kì í ṣe aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tó ti jẹ́ Radar Scope rí ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ó máa ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, á sì bá àwọn pátákó Radar Scope tí wọ́n tún wáyà ẹ̀ to níbẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń HÚ U JÁDE

Iṣẹ́ sùúrù ni, kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ohun àkọ́kọ́ ni kéèyàn mọ irú ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ni, orí yọ ọ́, torí irú èyí kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà iléeṣẹ́ dáadáa. Kẹ́míkà tí kò le púpọ̀ á mú un rọ̀, wọ́n á wá fi nǹkan pẹlẹbẹ oníke ha á kúrò, wọn kì í fi ọ̀bẹ irin. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olóròóró ni, ọ̀rọ̀ bẹ̀yìn yọ. Kẹ́míkà tó lágbára tó láti mú dúdú kúrò lè mú ìyeyè tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dán an wò ní igun ìsàlẹ̀ tí kò hàn, ibi tí kò ju ojú ọwọ́ lọ. Kí wọ́n tó ṣe òmíràn, wọ́n á ti nu kẹ́míkà yẹn kúrò. Ẹni tó bá da á sí gbogbo ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó lọ jẹun, ẹkún ló máa padà wá sun.

Bí àwòrán bá ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀. Wọ́n á tẹ́ pépà tó mọ́ gaara lé e, wọ́n á fi bírò tẹ̀lé gbogbo ìlà ẹ̀ kó má baà ṣègbé. Ẹ̀rí ni pépà yẹn. Bí ibì kan bá ti jẹ kọjá àtúnṣe, òun ni wọ́n máa fi mọ ibi tí ojú iwin wà àti ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ parí sí.

Lẹ́yìn náà ló kan pákó. Púpọ̀ nínú àwọn àpótí yìí kì í ṣe igi gidi, lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ papọ̀ ni. Nínú ilé ọtí tí wọ́n ti ń fi omi nu ilẹ̀ lálaalẹ́, ìdí ẹ̀ á máa mu omi títí á fi wú tá á sì máa rún. Wọ́n á gé ibi tó ti jẹrà, wọ́n á fi pákó tuntun rọ́pò ẹ̀. Ibi tí ihò wà, bọ́dì-fílà táwọn pánẹ́ bítà fi ń dí ara mọ́tò ni wọ́n fi ń dí i. Wọ́n á fi sáńdípépà fá a títí ọwọ́ ò fi ní í mọ ibi tí àtijọ́ ti pàdé tuntun.

Níbi tí àwòrán bá ti parẹ́ pátápátá, wọ́n á tún gé ihò bíi tàtijọ́, wọ́n á po ọ̀dà títí àwọ̀ á fi bá èyí tó kù mu, wọ́n á sì fọ́n ọn. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀ o: ẹni tó bá kánjú tó gbé ihò kejì lé àwọ̀ tí kò tíì gbẹ, àwọ̀ méjèèjì á ṣàn wọra wọn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

GÍLÁÀSÌ ÀTI ÒṢÙPÁ

Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àpótí nìkan ni iṣẹ́ ọ̀nà wà. Gíláàsì tó ń tàn lókè, níbi tí orúkọ géèmù wà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ ọ̀dà sí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ooru gílóòbù tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún á mú kí ọ̀dà náà máa ṣí bíi èèpo àlùbọ́sà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àkísà tútù nu ẹ̀yìn gíláàsì yẹn, àwòrán á bá àkísà lọ. Òfin wọn ni pé iwájú nìkan ni wọ́n ń nù, ẹ̀yìn di èèwọ̀.

Ti Space Invaders ló tún yani lẹ́nu jù. Nínú àpótí gíga tí Midway ṣe, èèyàn kì í wo tẹlifíṣàn ẹ̀ tààrà. Dígí kan ló ń gbé ohun tó wà lójú ẹ̀ wá fún ẹni tó ń ta géèmù, lẹ́yìn dígí yẹn ni wọ́n sì gbé àwòrán òṣùpá sí, tí iná pàtàkì kan ń mú un tàn. Tẹlifíṣàn náà kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Ọ̀rá aláwọ̀ tí wọ́n tẹ́ lé e ló jẹ́ kéèyàn rí àwọ̀ ewéko lójú ibẹ̀. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá ju ọ̀rá yẹn nù pé ìdọ̀tí ni, tàbí tó fi tẹlifíṣàn òde òní rọ́pò dígí, géèmù á ṣì máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òṣùpá ti wọ̀.

IKÚ Ń BẸ NÍNÚ Ẹ̀

Ẹni tó mọ ọ̀dà kùn lásán kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Tẹlifíṣàn onígò àtijọ́ tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń gbé iná tó lè tó fólítì 20,000, bẹ́ẹ̀ fólítì 230 ni ti ògiri ilé wa. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ti yọ ọ́ lára iná, ó ṣì lè fi iná pamọ́ sínú gò ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń so wáyà mọ́ súkúdíráfà àti irin ara ẹ̀, wọ́n á fi lé iná yẹn jáde kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n sì máa ń ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì á wà lẹ́yìn, kí iná má baà gba àyà kọjá.

Bátìrì náà tún ń bẹ. Nínú Defender tí iléeṣẹ́ Williams ṣe, bátìrì kéékèèké mẹ́ta ló ń rántí orúkọ àwọn tó gbégbá orókè. Bí wọ́n bá gbàgbé wọn síbẹ̀, omi á jáde lára wọn, á sì jẹ pátákó ẹ̀rọ bíi ìpẹtà. Ti àwọn géèmù kan tí Capcom ṣe láti 1993 le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì inú wọn ló di kọ́kọ́rọ́ géèmù mú. Bó bá ti kú, géèmù ti kú nìyẹn, àfi bí ọlọ́gbọ́n kan bá tún mọ ọ̀nà tó máa gbà jí i.

Ojú tẹlifíṣàn Pac-Man tún ní àpá tiẹ̀. Nítorí pé ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kan náà ló wà lójú ẹ̀ lọ́sàn-án lóru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti jóná mọ́ gíláàsì. Bí wọ́n bá pa iná, èèyàn á ṣì máa rí ọ̀nà yẹn níbẹ̀ bíi òjìji.

IBI TÍ ÌJÀ WÀ

Ẹ má rò pé gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí gbọ́ra wọn yé. Ìjà tó wà láàárín wọn kò kéré. Àwọn kan ní bí èèyàn bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, kó tún un ṣe dójú àmì: kó fá gbogbo ọ̀dà àtijọ́ dànù, kó kùn ún ní tuntun, kó máa dán bíi ọjọ́ tó jáde ní iléeṣẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ tó ya lọ sóde. Àwọn kejì fárígá. Wọ́n ní ẹni tó bá fá ọ̀dà tí òṣìṣẹ́ Midway fọ́n lọ́dún 1980 kò tún ẹ̀rọ ṣe rárá, ó ti pa á, ó wá ya àwòrán ẹ̀ sójú oórì. Èyí tó kù lórí pákó yẹn kò tún lè padà wá mọ́, bó ti wù kí ẹ̀dà ẹ̀ rẹwà tó.

Àpá kan ló mú kí ìjà yìí gbóná sí i. Lára ọ̀pọ̀ Pac-Man àtijọ́, ibì kan wà lápá òsì, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù, tí ọ̀dà ti bó dépákó. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn rò pé bí wọ́n ṣe ń gbé e káàkiri ló fà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pac-Man kò ní ju ọ̀pá kan lọ tí wọ́n ń darí, ọwọ́ ọ̀tún lọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń dì í mú. Kí ni ọwọ́ òsì wá ń ṣe? Ó ń di ẹ̀gbẹ́ àpótí mú gírígírí! Nínú fọ́tò ayé ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dúró, wọ́n tẹ̀ síwájú, ọwọ́ òsì wọn lẹ̀ mọ́ pákó bíi pé iwin yẹn ń lé àwọn gan-an. Òógùn ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló jẹ ọ̀dà kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ti rí ibi ìsinmi báyìí. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan wà fún wọn nínú Funspot ní Laconia, ní New Hampshire, níbi tí èèyàn ti lè ta wọ́n bíi ti àtijọ́. Òmíràn wà ní Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n ń pè ní The Strong. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì wà nínú gáréèjì, tí ọ̀dà dúdú ṣì bò, ọwọ́ aládàáni ni àyànmọ́ wọn wà.

Bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn bá wá ha gbogbo dúdú tán, tí ìyeyè jáde, tí ojú iwin yọ, ibi tó bó yẹn á ṣì wà níwájú ẹ̀ lápá òsì. Ọ̀dà wà lọ́wọ́ ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ sì bára mu. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, á ti parẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ nínú wọn ti máa ń sọ búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Wọ́n á gbé ọwọ́ òsì tiwọn lé ojú àpá náà, wọ́n á ju owó ẹyọ sínú ẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ géèmù.